Ewúrẹ́ Tèmi Ni, Ẹ Má Fi Lé Opó Jáde

Sí Ìyá mi, nínú agbo ilé wa ní Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin.

Ìyá mi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú ojú lọ́nà mi. Mo kúnlẹ̀ kí yín níbi tí mo wà ní Jọ́ọ̀sì yìí, orúnkún tó ń dùn mí ni mo sì fi kúnlẹ̀, kí ẹ lè mọ̀ pé ìkúnlẹ̀ gidi ni. Mo kí Bọ̀ọ̀dá Súlè, ẹ̀gbọ́n mi, baálé ilé wa. Mo kí gbogbo ìyàwó ilé, àgbà wọn àti ọmọdé wọn. Mo kí Ṣìfáwù, opó Lásísì àbúrò mi tó ti lọ. Mo dá orúkọ tirẹ̀ pè lọ́tọ̀, mo sì fẹ́ kí ẹni tó bá ń gbọ́ lẹ́tà yìí mọ̀ pé mo dá a pè.

Ẹ ó máa wò ó pé kí ló dé tí Rábí fi ń kọ lẹ́tà sí ìyá rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn, bí ẹni pé ilé ìfìwéránṣẹ́ ti jóná. Kò jóná. Mo ti fi ọ̀kan gba ibẹ̀. Ẹni tó kà á fún yín, mi ò ní dárúkọ wọn, ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n, wọ́n ka ibi tí mo ti kí yín, wọ́n ka ibi tí mo ti ní mo fi aṣọ ránṣẹ́. Nígbà tí wọ́n dé ibi ọ̀rọ̀ ewúrẹ́, wọ́n wúkọ́, wọ́n ní ìyókù kò hàn. Ìwé mi hàn. Lóòótọ́ ni pé sítáńdáàdì tú ni mo kà kí wọ́n tó mú mi kúrò níléèwé láti máa gbé ọmọ pọ̀n, ṣùgbọ́n tíṣà tó kọ́ mi ní a, bí, dí nà mí títí ọwọ́ mi fi tọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí wọ́n tẹ èyí jáde, kí ẹnikẹ́ni tó bá ra ìwé ìròyìn ní Ìjẹ̀bú-Òde lè kà á fún yín láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Ara mi le. Òtútù Jọ́ọ̀sì ti ń gbìyànjú láti pa mí láti ìgbà tí baba àwọn ọmọ mi ti mú mi wá síbí nígbà iṣẹ́ ìwakùsà. Baba àwọn ọmọ ti lọ, iṣẹ́ kùsà ti wọlẹ̀, èmi àti òtútù la ṣì ń wo ara wa lójú. Bí ọyẹ́ bá dé, omi inú garawa a máa gé ni lọ́wọ́, ètè a máa là bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn. Wọ́n ní kí n máa wọ ìbọ̀sẹ̀. Mo ní ìyá mi kò bí mi mọ́ ìbọ̀sẹ̀. Mo ti ń wọ̀ ọ́ báyìí, ṣùgbọ́n abẹ́ ìró ló wà, kò sẹ́ni tó rí i.

Gaàrí wa ni mo ṣì ń tà. Àwọn kan níbí ní gaàrí Ìjẹ̀bú ti kan jù. Mo ní ẹni tí kò bá fẹ́ kíkan kó lọ máa rẹ iyanrìn mu. Wọ́n bínú lọ, wọ́n tún padà wá rà á. Èyí tó ń ṣe mí ni pé kò sẹ́ni tí mo lè bá sọ èdè wa bí a ṣe ń sọ ọ́ gan-an. Bí mo bá se ìkọ́kọrẹ́, èmi nìkan ni mo ń jẹ ẹ́, èmi nìkan náà ni mo ń yìn ín. Ọjọ́ mìíràn wà tó jẹ́ pé ewúrẹ́ tó ń kọjá lójú títì ni mo máa ń kí ní èdè Ìjẹ̀bú, a sì wò mí bí ẹni pé ó gbọ́.

Ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ náà nìyí. Nígbà tí Lásísì kú, mo fi èrè gaàrí ra abo ewúrẹ́ méjì, mo sì fi wọ́n sí ọwọ́ Ṣìfáwù ní àgbàsìn, kí ó lè ní ohun tí yóò gbójú lé. Ọmọdé tó bá ń ka ìwé ìròyìn yìí nílùú ńlá lè má mọ àgbàsìn. Èmi ló ni ewúrẹ́, òun ló ń sìn ín, òun ló ń wá ewé fún un, òun ló ń so ó mọ́lẹ̀. Ní ilé tiwa, ìbí àkọ́kọ́ jẹ́ ti ẹni tó ni ẹran, ìbí kejì jẹ́ ti ẹni tó ń sìn ín, bẹ́ẹ̀ la ó ṣe máa pín in lọ. Kò sí ìwé, kò sí ẹlẹ́rìí. Ojú ni a fi ń wo ojú.

Mùráínà tó ń wa ọkọ̀ gaàrí wá sí ọ̀dọ̀ mi ló mú ìròyìn dé. Ó ti jẹun tán kó tó sọ ọ́, nítorí ó mọ̀ pé bí òun bá sọ ọ́ ṣáájú oúnjẹ, oúnjẹ á di àwátì. Ó ní ìbí àkọ́kọ́ bàjẹ́. Ewúrẹ́ kan bí òkú ọmọ. Ìkejì bí ààyè, ṣùgbọ́n bí àwọn ọmọ náà ti ń mu ọmú ni wọ́n ń gbọ̀n pẹ̀pẹ̀, wọ́n ń fẹsẹ̀ ha ilẹ̀, títí wọ́n fi kú. Mo ní ikú ewúrẹ́ kì í ṣe ikú ènìyàn. Ó ní kí n ní sùúrù. Ó ní ìbí kejì, tí ó jẹ́ ti Ṣìfáwù, gbogbo rẹ̀ yè, wọ́n ń ta pọ́ún pọ́ún kiri àgbàlá. Àwọn obìnrin wá bẹ̀rẹ̀ sí sọ ọ́ nídìí kànga pé ti olówó ẹran ń kú, ti olùsìn ń yè. Wọ́n ń bi ara wọn pé ṣé ewúrẹ́ mọ ẹni tó ni òun ni. Láti ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti di àjẹ́. Ẹni tí kò tilẹ̀ fẹ́ pè é ní àjẹ́ ní ó fún ọmọ tèmi ní nǹkan jẹ kí ewúrẹ́ lè tètè gba oyún tirẹ̀.

Bọ̀ọ̀dá wá dájọ́. Wọ́n ní kí Ṣìfáwù lọ fi ahọ́n kan irin Ògún, kó búra. Bí kò bá ṣe é, kó di ẹrù rẹ̀ kí Iléyá tó dé, kó padà sí ilé baba rẹ̀ ní Òdògbólú. Ìyá mi, Mùsùlùmí ni gbogbo wa títí ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ fi dé. Mùráínà ní Ṣìfáwù sọ pé òun kò ní búra, pé ẹni tó bá búra lórí ohun tí kò ṣe ti gbà pé wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti bi òun léèrè. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé aya ilé wa ni lóòótọ́. Mo bi Mùráínà pé kí ni ìyá mi wí. Ó ní ẹ dákẹ́. Gbogbo èyí tó kù kò dùn mí tó ìyẹn.

Ọmọbìnrin kan wà nínú ilé tí mò ń gbé, ọmọ Ọ̀fà, dókítà ẹran ni. Oko ẹran ti ìjọba ló ti ń ṣiṣẹ́. Mo fi ọ̀rọ̀ náà tó o létí, kì í ṣe pé mò ń wá ìmọ̀ràn, mo kàn fẹ́ rí ẹni bá mi bínú ni. Kò bínú. Ó bi mí pé kí ni wọ́n fi ń pa iná àti eégbọn ara ewúrẹ́ nílé wa. Mo ní mò ń sọ ọ̀rọ̀ opó fún un, òun ń bi mí ní ọ̀rọ̀ iná. Ó ní kí n ṣáà wádìí.

Nígbà tí Mùráínà tún dé, mo bi í. Ó ní àbí n kò mọ̀ ni. Nígbà tí ewúrẹ́ dé ilé, iná àti eégbọn bò wọ́n, ikùn wọn sì ti ń yọ. Bọ̀ọ̀dá ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́n oògùn sí kòkó tán ni. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó kù nísàlẹ̀ garawa, wọ́n bu omi là á, wọ́n fi wẹ̀ fún ewúrẹ́ méjèèjì láti orí dé ìrù. Iná já bọ́ sílẹ̀ bí ẹni gbọn gaàrí, gbogbo ilé yìn wọ́n. Mo mọ̀ pé inú rere ni wọ́n fi ṣe é. Ní ti ìbí kejì, ọdún náà ni oògùn kòkó wọ́n bí ojú, kò sí ìṣẹ́kù tí ẹnikẹ́ni yóò dà sí ewúrẹ́ lára. Ṣìfáwù fi ọwọ́ ṣa eégbọn, ó fi àdín pa wọ́n lára. Mùráínà ní báyìí oògùn ti tún wọlé, Bọ̀ọ̀dá sì ní ọ̀sẹ̀ tí àwọn bá fọ́n kòkó làwọn ó tún wẹ ewúrẹ́, wọ́n sì ti tún lóyún.

Dókítà ní májèlé náà gba awọ wọlé. Mo ní irọ́ ni. Mo ní awọ kì í ṣe ẹnu. Bí awọ bá ń jẹun, èmi tí mò ń fi ọwọ́ bu gaàrí láti àárọ̀ dé alẹ́, mi ò bá tí dáná mọ́. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n gún aáyù, kí n fi í pa àtẹ́lẹsẹ̀, kí n na ẹsẹ̀ sílẹ̀, kí n má sì fi ọwọ́ náà kan ẹnu. Mo ṣe é láti lè dójú tì í. A jókòó, à ń sọ ti àwọn ọmọ onílé. Kò pẹ́ tí òórùn aáyù fi ń jáde nínú èémí mi, èmi tí mo gbààwẹ̀ lọ́jọ́ náà, tí nǹkan kan kò kan ẹnu mi láti ìdájí. Ó ní ẹsẹ̀ ló gbà wọlé, ẹ̀jẹ̀ ló gbé e, ẹ̀dọ̀fóró ló ń lé e jáde. Mo bi í bóyá ààwẹ̀ mi ti já. Ó ní òun kì í ṣe àlùfáà.

Ó wá mú mi dé oko wọn. Àwọn abo àgùntàn tó lóyún ni wọ́n dá sọ́tọ̀, olúkúlùkù nínú ilé tirẹ̀. Wọ́n fá irun ẹ̀yìn wọn díẹ̀, wọ́n fi irú oògùn bẹ́ẹ̀ kín-ín-kín kan ibẹ̀. Wọ́n so rọ́bà mọ́ wọn nídìí tó ń gba ìtọ̀, òmíràn ń gba ìgbẹ́, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń kó lọ yẹ̀ wò láti mọ ohun tó wọlé àti ohun tó jáde. Mo bi í pé ṣé torí èyí ni ìyá rẹ̀ ṣe rán an níwèé, kó lè máa gbé ìtọ̀ àgùntàn kiri. Ó ní ìtọ̀ àgùntàn kì í purọ́, òun kò lè sọ bẹ́ẹ̀ nípa ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Ohun tó là yé mi nìyí, mo sì jẹ́ kó tún un sọ títí mo fi mọ̀ ọ́n bí ọ̀nà odò. Bí májèlé yẹn bá ti wọ ara, ẹ̀jẹ̀ a gbé e kiri. Ẹ̀dọ̀ a bá a jà, a gé e wẹ́wẹ́ kó lè bá ìtọ̀ àti ìgbẹ́ jáde. Èyí tí ẹ̀dọ̀ kò bá ráyè fún a sá wọ inú ọ̀rá, a lúgọ síbẹ̀. Ẹran tí kò lóyún, ọ̀nà tí yóò gbà lé e jáde kò ju ìyẹn lọ, ó sì ń pẹ́. Ṣùgbọ́n abo tó lóyún ní ọ̀nà méjì sí i, ara ọmọ sì ni ọ̀nà méjèèjì gbà kọjá.

Ọ̀nà kan ni ibi ọmọ. Àwa rò pé ibi ọmọ jẹ́ ilẹ̀kùn tí ohun búburú kò lè kọjá. Dókítà ní asẹ́ ni, ojú asẹ́ náà kò sì dí tó bí a ṣe rò. Ohun tó bá ti jò sọ́dọ̀ ọmọ, ẹ̀dọ̀ ọmọ kò tíì dàgbà tó ẹni tó ń bá a jà. Bí ọmọ bá sì tọ̀, inú omi tó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀ náà ló ń tọ̀ sí, a tún gbé e mì. Ọmọ inú kò ní ṣáláńgá mìíràn ju ìyá rẹ̀ lọ. Bí ìyá bá kún, ọmọ náà kún. Ọ̀nà kejì ni ọmú. Bí ìyá bá bímọ tán, ọ̀rá ara rẹ̀ a yọ́ wọ inú wàrà, ohun tó lúgọ sínú ọ̀rá a bá a jáde. Ìyá ń mọ́, ọmọ ń gbà á sára. Èyí tí kò kú nínú, ẹnu ọmú ni yóò ti máa gbọ̀n.

Ìyá mi, mo jókòó sórí koríko àgùntàn, mo ní kó tún apá ti ọmú sọ. Ó tún un sọ. Ó ní ìbí àkọ́kọ́ lẹ́yìn májèlé ló sábà máa ń gbé èyí tó pọ̀ jù lọ. Ìbí tó tẹ̀ lé e á bá ìyá tí ara rẹ̀ ti fúyẹ́, pàápàá bí ẹnikẹ́ni kò bá tún fi oògùn wẹ̀ fún un.

Ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Ìbí àkọ́kọ́ ló gbé májèlé lọ, ìbí àkọ́kọ́ sì ni tèmi. Ìbí kejì ló bá ara mímọ́, ìbí kejì sì ni ti Ṣìfáwù. Àwa la ṣe òfin àgbàsìn, májèlé kò mọ òfin wa, ó kàn rìn bá a mu ni. A wá mú ohun tí ara ewúrẹ́ ṣe, a gbé e lé opó lórí. Bí ó bá jẹ́ pé olùsìn ló ni ìbí àkọ́kọ́ nílé wa, èmi tí mo wà ní Jọ́ọ̀sì ni ẹ̀ bá pè ní àjẹ́. N ó sì fẹ́ rí ẹni tí yóò wá sọ ọ́ fún mi.

Kí n má parọ́ mọ́ Dókítà. Ó ní òun kò rí òkú àwọn ọmọ ewúrẹ́ náà, pé àìsàn mìíràn wà tó ń ṣẹ́ oyún ẹran, pé bí òun bá ti rí ẹ̀dọ̀ wọn gbé yẹ̀ wò ni òun ì bá lè sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìdánilójú. Ó ní òun kì í búra lórí ohun tí òun kò yẹ̀ wò. Mo ní ó dára bẹ́ẹ̀, kí òun má búra. Ṣìfáwù náà kò ní búra.

Mo mọ ohun tí Bọ̀ọ̀dá yóò wí. Wọ́n á ní àwọn fi ọwọ́ ara àwọn po oògùn yìí láti ọjọ́ tí àwọn ti ń ṣe kòkó, àwọn kò kú. Mo gbà. Bọ̀ọ̀dá kò lóyún rí. Wọ́n á tún ní ewúrẹ́ tí wọ́n wẹ̀ fún kò kú, ó ń jẹun, ó ń yọ̀. Ìyẹn gan-an ni mò ń wí. Kò kú nítorí ó rí ẹni gbé e fún.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà níbẹ̀ tó ju ewúrẹ́ lọ. Mùráínà ní ìyàwó Gàníyù, ọmọ Bọ̀ọ̀dá, ti lóyún, òun ló sì ń fi ọwọ́ fọ aṣọ tí wọ́n fi ń fọ́n oògùn. Mo bi Dókítà bóyá obìnrin yàtọ̀ sí àgùntàn nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ó wò mí, ó ní yíyàtọ̀ náà kò tó èyí tí òun lè fi ọmọ ẹlòmíràn ta tẹ́tẹ́ lé. Bọ̀ọ̀dá, ẹ jẹ́ kí ẹni tó bá fọ́n oògùn máa fọ aṣọ ara rẹ̀. Gàníyù ní ọwọ́ méjì, èmi ni mo wẹ̀ ẹ́ nígbà tí wọ́n bí i, mo rí méjèèjì. Ẹ má sì gbé garawa oògùn dé ẹ̀gbẹ́ ewúrẹ́ mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ni yín, ẹ̀yin lẹ gbé mi kọjá odò nígbà tí mo kéré, mo bọ̀wọ̀ fún yín. Ẹ bínú sí mi bí ó bá wù yín, ẹ̀tọ́ yín ni. Ṣùgbọ́n ẹran kì í ṣe tiyín, ẹ ò lè fi ẹran ẹlẹ́ran dá ẹjọ́ tí ẹlẹ́ran kò pè. Ta ni ó pàdánù? Èmi ni. Ǹjẹ́ mo fẹjọ́ sùn? N kò fẹjọ́ sùn.

Nítorí náà, mo kọ ọ́ síbí, kí gbogbo Ìjẹ̀bú lè kà á. Láti ọjọ́ tí lẹ́tà yìí bá jáde, ewúrẹ́ méjèèjì àti oyún inú wọn ti di ti Ṣìfáwù pátápátá. Kì í ṣe àgbàsìn mọ́. Kò sí ti olówó ẹran, kò sí ti olùsìn. Bí wọ́n bá bí òkú, tirẹ̀ ló kú. Bí wọ́n bá bí ààyè, tirẹ̀ ló yè. Kò sẹ́ni tó tún lè wí pé ó pa tèmi kí tirẹ̀ lè yè. Mi ò fún un nítorí àánú, kó má ba à rò bẹ́ẹ̀. Mo fún un nítorí pé nígbà tí oògùn tán, ọwọ́ ló fi ṣa eégbọn.

Ìyá mi, ọ̀dọ̀ yín ni mo ń bọ̀ báyìí. Mi ò dẹ́bi fún yín. Mo mọ̀ pé ilé ọmọkùnrin yín lẹ wà, abẹ́ òrùlé wọn lẹ ń sùn, àgbà a sì máa dákẹ́ kí ilé lè tòrò. Ṣùgbọ́n ilé tó tòrò nítorí pé wọ́n ti lé opó jáde kò tòrò, ó kàn dákẹ́ ni. Ẹ ò ní láti bá Bọ̀ọ̀dá jà. Ẹ ò tilẹ̀ ní láti sọ̀rọ̀ nípa májèlé, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún èmi àti ìwé ìròyìn. Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ yín. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní kó di ẹrù, ẹ ní kó gbé ẹrù náà wọ yàrá yín. Kó tẹ́ ẹní rẹ̀ ti tiyín. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, kò tíì sí ọkùnrin ilé wa tó gboyà láti wọ yàrá yín mú ènìyàn jáde, Bọ̀ọ̀dá náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ lé e, ẹ̀yin ni wọ́n ní láti kọ́kọ́ gbé kúrò níbẹ̀.

Kí Ọlọ́run dá yín sí, kó fún ojú yín ní ìmọ́lẹ̀, kó jẹ́ kí ìyàwó Gàníyù sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀, kí ẹran ilé bí, kí ènìyàn ilé bí, kí ọwọ́ Bọ̀ọ̀dá le fún oko, kí ọkàn wọn sì rọ̀ díẹ̀. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, àti ẹni tí inú rẹ̀ dùn sí lẹ́tà yìí, àti ẹni tí inú rẹ̀ kò dùn.

Èmi ni ọmọ yín, tí ẹ bí tí kò gbọ́ràn,
Rábí, láti Jọ́ọ̀sì.